Káàdì kúpọ́ọ̀nù 5,000, iṣẹ́ 9 péré: ibo lowó ti ń jò?

ÌBÉÈRÈ: Èmi àti àbúrò mi ló ń fọ kápẹ́ẹ̀tì àti àga onítìmùtìmù fún àwọn onílé níbí ní Amẹ́ríkà. Lóṣù tó kọjá, a tẹ káàdì 5,000 tí a kọ “Ẹ̀dínwó 20%” sí, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì bá wa pín in sínú àpótí lẹ́tà gbogbo ilé tó wà ní àwọn adúgbò tí a yàn. Àti títẹ̀ àti pínpín, $2,500 ló gbà. Ẹni 31 pè wá, iṣẹ́ 9 la rí ṣe níbẹ̀. Owó iṣẹ́ wa máa ń tó $200 ká tó yọ ẹ̀dínwó. Owó ọwọ́, ọṣẹ àti epo ọkọ̀ máa ń jẹ $80 nínú rẹ̀. Ṣé ká jáwọ́ ni, àbí ká lọ dára pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kó kúpọ́ọ̀nù ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sínú àpòòwé kan ṣoṣo?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì jáwọ́. Ìṣirò tí ẹ fi ránṣẹ́ ti fi ibi tí owó ń bá lọ hàn, kì í sì í ṣe inú àpótí lẹ́tà. Ẹni 31 nínú 5,000 jẹ́ 0.62%. Fún káàdì tí kò ní orúkọ ẹnì kankan lára, tó lọ bá àwọn tí kò mọ̀ yín rí, ìyẹn kì í ṣe ohun tó yẹ kó kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín. Ohun tó yẹ kó dùn yín ni àwọn 22 tó pè tí wọn ò fún yín níṣẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn ti rí káàdì, wọ́n ti kà á, wọn ò jù ú sínú ìdọ̀tí, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà yín. Kápẹ́ẹ̀tì wọn dọ̀tí lóòótọ́, wọ́n sì ti múra tán láti sanwó fún ẹnì kan. Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n san án fún.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí fóònù, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀dínwó yẹn fúnra rẹ̀, torí òun ló kọ́kọ́ gé yín lẹ́sẹ̀.

Iṣẹ́ $200, ẹ yọ 20%, ó ku $160. Ẹ yọ $80 tí iṣẹ́ náà gbà, ó ku $80. Láìsí ẹ̀dínwó, $120 ni ì bá kù. Ẹ̀yin rò pé ìdá kan nínú márùn-ún lẹ gbé sílẹ̀ fún oníbàárà. Nínú èrè yín gan-an, ìdá kan nínú mẹ́ta ló lọ. Iṣẹ́ 9 tí ẹ ṣe mú $720 wọlé, ẹ sì ti ná $2,500, nítorí náà $1,780 lẹ pàdánù. Ẹ wá wo èyí: ká ní gbogbo ẹni 31 tó pè ló fún yín níṣẹ́, tí ẹyọ kan ò bọ́, $2,480 ni ẹ máa rí. Owó káàdì ò tíì pé síbẹ̀. Ìyẹn ni pé káàdì yẹn ò lè pa owó rẹ̀ lórí iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìkan, bó ti wù kí ẹ mọ fóònù gbé tó. Ìṣirò yìí ló yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó gbé ohunkóhun fún atẹ̀wé: iye tí gbogbo ìpolówó náà máa gbà, ẹ pín in sí èrè orí iṣẹ́ kan lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ẹ̀dínwó. Iye tó bá jáde ni iṣẹ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ rí kí owó yín tó padà. Tó bá ti ju iye ìpè tí ẹ lè retí lọ, ẹ yí ohun tí ẹ fẹ́ fún wọn padà.

Kí wá ni kí ẹ fún wọn? Iṣẹ́ tí kúpọ́ọ̀nù wà fún ni kí ẹni tí kò mọ̀ yín rí lè dán yín wò lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Coca-Cola bẹ̀rẹ̀ sí í pín kúpọ́ọ̀nù níparí àwọn ọdún 1880, ife kan lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń fa èèyàn, kì í ṣe ẹ̀dínwó fún ẹni tó ti ń mu ún tẹ́lẹ̀. Ife kan ò ná wọn tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbà á sì ka iye tí wọ́n ń tà á sí ẹ̀bùn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá nínú iṣẹ́ tiyín: ohun tí oníbàárà mọyì, tí kò gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Fún afọkápẹ́ẹ̀tì, ó lè jẹ́ fífọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n bá ti fọ yàrá mẹ́ta, tàbí fífín oògùn adènà àbàwọ́n sí yàrá kan. Ọkọ̀ yín ti wà níta, okùn omi ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ ti gbóná. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ àti ọṣẹ díẹ̀ lọ. Ká ní $40 lẹ máa ń gbà fún oògùn yẹn, tí òun àti àkókò tí ẹ fi fín in ń ná yín ní $10. Oníbàárà san $200 rẹ̀ pé, ìnáwó yín di $90, $110 ló kù. Èrè orí iṣẹ́ kan ti fi $30 ju ti “20%” lọ, bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó mú káàdì lọ́wọ́, $40 àti $40 náà ni.

Tó bá jẹ́ ẹ̀dínwó náà lẹ ṣì fẹ́, ẹ kọ ọ́ ní dọ́là, kí ẹ sì fi ìwọ̀n sí i: “$25 kúrò lórí iṣẹ́ tó bá tó $200.” Ẹni tí kò mọ iye tí ẹ ń gbà ò lè mọ ohun tí 20% jẹ́. 20% nínú kí ni? Dọ́là 25 yé gbogbo èèyàn. Ìwọ̀n yẹn náà ló máa gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lo kúpọ́ọ̀nù fún yàrá kékeré kan ṣoṣo ní ìpẹ̀kun ìlú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ jìnnà sí pátápátá, torí iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ti lórúkọ burúkú nídìí rẹ̀: owó tó kéré jù tí wọ́n fi ń tan èèyàn wọlé. Wọ́n á kọ iye tí ẹnikẹ́ni ò lè fi fọ yàrá, wọ́n á dé ilé oníbàárà, wọ́n á ní omi lásán ni iye yẹn wà fún, pé ọṣẹ lọ́tọ̀, àbàwọ́n lọ́tọ̀, àga tí wọ́n sún lọ́tọ̀. Ìlànà FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gba oníbàárà lọ́wọ́ ìtànjẹ, lórí irú ìpolówó ìdẹ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ìlànà ìjọba àpapọ̀, 16 CFR Part 238. Ti iye àtijọ́ tí èèyàn fi ń gbé ẹ̀dínwó ga wà ní Part 233. Tí ẹ bá kọ “$249 tẹ́lẹ̀, $179 báyìí,” ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ ti ń gba $249 lọ́wọ́ àwọn èèyàn lóòótọ́. Tí ẹ bá kọ “lọ́fẹ̀ẹ́,” ẹ ò gbọ́dọ̀ fowó kún iṣẹ́ tó kù láti fi dí i. Yàtọ̀ sí òfin, ẹni tí wọ́n tàn wọlé kì í pè padà, ó sì máa ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ ohun tí “yàrá” túmọ̀ sí lọ́dọ̀ yín sára káàdì, ní lẹ́tà tí ẹni ọgọ́ta ọdún lè kà láìwá awò: yàrá kan kò ju ẹsẹ̀ bàtà 200 níbùú lóròó lọ; pálọ̀ tó so pọ̀ mọ́ yàrá ìjẹun jẹ́ yàrá méjì; àtẹ̀gùn lọ́tọ̀, iye rẹ̀ nìyí; ìtọ̀ ajá àti ológbò lọ́tọ̀. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, orí àwọn ìlà mẹ́rin yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, fóònù

Ẹ̀yin méjì péré ni, ẹ̀rọ sì máa ń pariwo. Mo fẹ́ kí ẹ ṣí àkọsílẹ̀ ìpè inú fóònù yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí káàdì fi wà níta, kí ẹ to àwọn 22 yẹn sí ìsọ̀rí. Mélòó ló pè tí ẹ ò gbé e? Nínú wọn, mélòó lẹ pè padà, lẹ́yìn wákàtí mélòó? Mélòó ló gbọ́ iye owó tó dákẹ́? Mélòó ló fẹ́ Sátidé tí ẹ ò ní àyè? Mélòó ló ń gbé níbi tí ẹ kì í dé? Ìsọ̀rí tó bá pọ̀ jù lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe. Tí mo bá ní láti ṣírò rẹ̀ láìrí àkọsílẹ̀ náà, mo máa fọkàn sí ìpè tí ẹ ò gbé. Ẹni tó mú kúpọ́ọ̀nù lọ́wọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí ohùn àgbohùnsílẹ̀ bá dá a lóhùn, ilé iṣẹ́ mìíràn ló máa wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá ẹnì kan tí kò sí nídìí ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ ará ilé yín, kó máa gbé fóònù láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago méje alẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí káàdì ń wọlé. Tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ sanwó fún àwọn tó ń gba ìpè fún ilé iṣẹ́ kéékèèké. Tí ìpè kan bá sì bọ́, kí àtẹ̀jíṣẹ́ lọ bá ẹni náà lójú ẹsẹ̀ pé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó pè é láàárín ìṣẹ́jú 15. Kí ẹ sì pè é lóòótọ́.

Èkejì ni ohun tí ẹni tó gbé fóònù ń sọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ “Èló ni?” Ìdáhùn tó ń lé èèyàn lọ ni “Ó dá lórí bí ilé bá ṣe tóbi tó.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò fún olùpè ní nǹkan kan láti dì mú, á ní òun máa pè padà, ìyẹn sì ti parí. Kí ẹni tó gbé fóònù sọ pé, “Ẹ ṣeun tí ẹ pè. Kódù wo ló wà ní igun káàdì yín? Ó dáa, ìyẹn fún yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Yàrá mélòó la máa fọ̀?” (Kódù yẹn ni àmì kékeré tó ń sọ ibi tí káàdì náà ti wá.) Lẹ́yìn náà kó béèrè bóyá àtẹ̀gùn wà, bóyá ajá tàbí ológbò wà nínú ilé, bóyá àbàwọ́n kan wà tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìbéèrè mẹ́rin, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kó wá sọ iye gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ẹyọ-ẹyọ, kó sì fi ọjọ́ méjì síwájú wọn: “Ọjọ́bọ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tàbí Sátidé ní aago méjì ọ̀sán, èwo ló rọ̀ yín lọ́rùn?” Ẹni tí wọ́n fún ní ọjọ́ méjì máa ń yan ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bi pé “Nígbà wo lẹ fẹ́?” máa ń ní òun fẹ́ wo kàlẹ́ńdà òun ná.

Tí ẹ bá fi èyí gbé iṣẹ́ yín láti 9 sí 18 nínú ìpè 31, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi $110 sílẹ̀, $1,980 ló wọlé. Owó káàdì ṣì fi $520 ju ìyẹn lọ, mi ò sì fẹ́ fi bò fún yín. Ibi tí àṣìrò ti máa ń wọlé nìyí: wọ́n á ní kúpọ́ọ̀nù ò pa owó rẹ̀, wọ́n á pa á tì. Ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì máa tún dọ̀tí. Tí 6 nínú àwọn 18 yẹn bá pè yín padà láàárín ọdún kan, láìsí kúpọ́ọ̀nù, $120 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, $720 nìyẹn, ẹ sì ti bọ́ sórí èrè. Ohun tó ń mú wọn padà kì í ṣe oríire. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kápẹ́ẹ̀tì ló kọ ọ́ sínú wáráńtì wọn pé kí oníṣẹ́ fọ̀ ọ́ láàárín oṣù 12 sí 18, kí rìsíìtì sì wà. Ẹ fún gbogbo oníbàárà ní rìsíìtì tí ọjọ́, irú ọ̀nà tí ẹ gbà fọ̀ ọ́ àti àwọn yàrá tí ẹ fọ̀ wà lórí rẹ̀, ẹ sọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì fi káàdì ìránnilétí ránṣẹ́ sí wọn ní oṣù kọkànlá. Káàdì yẹn ní orúkọ lára, owó kékeré ló gbà, kò sì nílò ẹ̀dínwó.

Káàdì fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí sáàsì bá ti kọjá lára rẹ̀

Àwọn tó ń ṣe káàdì máa ń wò ó bó ṣe rí kí wọ́n tó gé e. Ẹ mú sáàsì, kí ẹ gé kúpọ́ọ̀nù kúrò lára káàdì yín, kí ẹ gbé e sórí tábìlì. Ṣé orúkọ ilé iṣẹ́ yín wà lórí ègé yẹn? Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Ọjọ́ tó máa parí? Kódù? Nínú ọ̀pọ̀ káàdì, ẹ̀bùn nìkan ló wà nínú àmì gígé. Orúkọ àti fóònù wà lókè, wọ́n sì ti bá ìyókù wọ inú ìdọ̀tí. Ègé yẹn á wà lára fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ á sì máa ṣe kàyéfì nípa ẹni tó ni ín. Ẹ wá yí káàdì sódì: kí ló wà lẹ́yìn ibi tí ẹ gé? Tó bá jẹ́ àwòrán ilẹ̀ àdúgbò tí ẹ ń dé tàbí ìdá kan nínú ọ̀rọ̀ pàtàkì, sáàsì ti ba apá kejì jẹ́. Ẹ fi àwọ̀ lásán tàbí àwòrán tí kò ṣe pàtàkì sí ibẹ̀.

Ojú káàdì méjèèjì ló gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ ń ṣe àti ẹ̀bùn náà, torí ẹ ò mọ ojú tó máa kọ sí ẹni tó ṣí àpótí. Ẹ̀bùn kan ṣoṣo ló dáa jù, méjì ni kó pọ̀ jù. Tí wọ́n bá di márùn-ún, olùkà á máa fi wọ́n wé ara wọn dípò kó pè. Àwòrán tiyín gan-an ni kí ẹ lò, ẹ̀yin méjèèjì nínú aṣọ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yín, nítorí ohun tí onílé ń rò ni ta ló máa wọ ilé òun. Tí ẹ bá ní ìwé ẹ̀rí IICRC (àjọ tó ń jẹ́rìí sí àwọn oníṣẹ́ ìmọ́tótó) tàbí ìbánigbófò, ẹ kọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí atẹ̀wé fi ohun dídán bo apá tí èèyàn máa kọ nǹkan sí. Bíírò kì í mú lórí rẹ̀. Ẹ ní kó fún yín ní àkọ́tẹ̀, kí ẹ fi fóònù mìíràn tẹ nọ́ńbà tó wà lórí àkọ́tẹ̀ náà gan-an, kí ẹ sì fi kámẹ́rà wo kódù QR bóyá ó ṣí ojúewé tó yẹ. Káàdì tí nọ́ńbà kan yí lórí rẹ̀ kò ní àtúnṣe mọ́.

Ọjọ́ tó máa parí: ọjọ́ 30 sí 45 lẹ́yìn ìgbà tí káàdì dé àpótí, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí atẹ̀wé bá pẹ́, tí ilé ìfìwéránṣẹ́ náà sì gba ọjọ́ mélòó kan, ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì mú kúpọ́ọ̀nù tó ti parí wá, ẹ gbà á. Oníbàárà yín àtijọ́ tó bá mú un wá náà, ẹ gbà á. Ẹ má kọ “fún oníbàárà tuntun nìkan” sára ohun tó ń wọ inú àpótí gbogbo èèyàn, torí àwọn tó ti ń sanwó fún yín ló máa kọ́kọ́ bínú.

Nípa pínpín rẹ̀

Láti inú bí ẹ ṣe ṣàlàyé, EDDM lẹ lò, ètò tí USPS, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà, fi ń pín ìpolówó dé gbogbo ilé ní àdúgbò tí èèyàn yàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Fún àwọn tó bá fẹ́ ṣe bíi tiyín: EDDM Retail kò nílò ìwé àṣẹ, kò nílò orúkọ onílé, “Local Postal Customer” ló máa wà níbi àdírẹ́sì. Káàdì 200 ló kéré jù, 5,000 ló pọ̀ jù lóòjọ́ fún ZIP Code (nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò) kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì gbọ́dọ̀ wúwo ju áúnsì 3.3 lọ. Ìwọ̀n ló máa ń ká àwọn èèyàn mọ́. Káàdì gbọ́dọ̀ gùn ju ínǹṣì 10.5 lọ, tàbí kó ga ju ínǹṣì 6.125 lọ, tàbí kó nípọn ju ínǹṣì 0.25 lọ, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó. Káàdì ínǹṣì 6 × 9 tí gbogbo atẹ̀wé ní lórí àtẹ kò wọlé, torí ìdá mẹ́jọ ínǹṣì kan tí kò pé. 6.25 × 9 wọlé. Ẹni tó ti tẹ 5,000 ní ìwọ̀n 6 × 9 ti jẹ gbèsè kó tó débẹ̀. Ẹ dì wọ́n ní 50 sí 100, kí ìwé ìdánimọ̀ ipa ọ̀nà (àwọn ilé tí olùpín lẹ́tà kan ń dé) wà lórí ìdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń bójú tó ipa ọ̀nà yẹn gan-an. Ẹ má ṣe tìtorí àtifowó pamọ́ lọ fi ọwọ́ ara yín ki káàdì tí kò ní owó ìfìwéránṣẹ́ sínú àpótí lẹ́tà. Òfin àpapọ̀, 18 U.S.C. 1725, lòdì sí i, owó ìtanràn sì wà.

Ipa ọ̀nà tí ẹ yàn ṣe pàtàkì ju àwọ̀ káàdì lọ. Ojú òpó USPS máa fi iye ilé, ọjọ́ orí, owó tó ń wọlé àti iye ènìyàn inú ilé hàn yín fún ipa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè ní kí wọ́n yọ ilé iṣẹ́ kúrò. Ohun tí kò ní sọ ni bóyá kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀. Ibi tó kún fún ilé àyágbé, ẹni tó ni ilé ló ń pe afọkápẹ́ẹ̀tì nígbà tí ayálégbé bá kó jáde, káàdì yín ò sì ní dé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ilé tuntun míì, pákó ló wà nílẹ̀. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà yín, kí ẹ fi àmì sí ibi tí wọ́n ń gbé lórí àwòrán ilẹ̀. Àwọn ipa ọ̀nà tí àmì ti pọ̀ sí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ti rí ọkọ̀ yín, epo ọkọ̀ yín sì máa dín kù nígbà tí iṣẹ́ mẹ́ta bá wà lójú títì kan náà.

Àpòòwé alájọpín wá ńkọ́?

Kò burú. Valpak, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí àpòòwé aláwọ̀ búlúù, ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1968, àwọn mìíràn sì wà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lẹ jọ ń san owó ìfìwéránṣẹ́, nítorí náà owó orí ilé kan á dín kù gan-an, àwọn tó máa pè nínú ẹgbẹ̀rún ilé náà á sì dín kù. Ẹ má fi iye ìpè wé ara wọn. Iye tí iṣẹ́ kan ná yín ni kí ẹ fi wé ara wọn. Ká ní wọ́n ní kí ẹ san $660 fún ilé 10,000: pẹ̀lú èrè $110, iṣẹ́ 6 ló máa dá owó yín padà. Iṣẹ́ 9 tó jẹ́ àdánù lórí káàdì yín máa jẹ́ èrè níbẹ̀. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni agbára láti yan ipa ọ̀nà. Agbègbè ni wọ́n ń tà, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè dé gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè: afọkápẹ́ẹ̀tì mélòó ló tún máa wà nínú àpòòwé oṣù yẹn? Oṣù mélòó ni àdéhùn, kí ni owó jíjáwọ́? Ta ló ni nọ́ńbà fóònù tí wọ́n máa fi ka ìpè, ṣé ẹ lè mú un lọ tí ẹ bá kúrò? Mélòó nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tún ilé ṣe ló ti padà wá fún ọdún kejì? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí jù. Ẹni tó ń pàdánù kì í san owó ọdún méjì.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, kí nọ́ńbà fóònù àti kódù ọ̀kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀. Ẹ má sì tètè dájọ́. Tí ẹ̀yà káàdì kan bá mú ìpè 12 wá, tí èkejì mú 17, ìyàtọ̀ yẹn kéré débi pé ó lè jẹ́ kòńgẹ́ lásán. Ẹ fi káàdì kan náà lọ bá ipa ọ̀nà kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láàárín wọn, kí ẹ tó sọ pé ipa ọ̀nà yẹn ò dáa. Ilé tí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ nínú oṣù kẹta lè ti gba àlejò ní oṣù kẹrin. Káàdì 1,500 lẹ́ẹ̀mẹta sí àwọn ilé kan náà sàn ju 4,500 lọ sí àwọn ilé tí ẹ ò ní padà dé mọ́.

Èyí ni ohun tí mo máa ní kí ẹ ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ yan ipa ọ̀nà mẹ́ta tó sún mọ́ àwọn oníbàárà yín jù, ó ṣeé ṣe kí àpapọ̀ wọn súnmọ́ ilé 1,500. Ẹ yí ẹ̀bùn padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀fẹ́ lórí yàrá mẹ́ta. Ẹ gba nọ́ńbà tuntun, kí ẹ fi ẹnì kan sídìí rẹ̀, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì ojúlùmọ̀ kan tó ń gbé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ipa ọ̀nà náà sọ́kàn, kí wọ́n lè sọ ọjọ́ tí káàdì wọlé fún yín. Nínú ìwé kan, ẹ máa kọ ọjọ́ ìpè, kódù, ipa ọ̀nà, ó fún yín níṣẹ́ tàbí kò fún yín, tí kò bá fún yín, kí nìdí, àti iye owó iṣẹ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ ní apá ọ̀tún fún ìgbà tó bá pè padà. Bí ìpè mẹ́wàá bá ti ń mú iṣẹ́ mẹ́fà wá, ẹ padà sí 5,000, kí ẹ sì fi kódù tirẹ̀ dán àpòòwé alájọpín wò lóṣù kan náà. Bí kò bá tíì dé mẹ́fà, ẹ má fi káàdì kún un, ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí abẹ́ “kí nìdí.”